Ipa Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró Nínú Igbó Gìgísẹ̀

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ asáré Òkèwẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń fi eré sísá jẹun. Télọ̀ wà nínú wọn, tísà wà nínú wọn, ẹni tí ń ta páànù wà nínú wọn. Ìfẹ́ eré ló kó wọn jọ, ìfẹ́ kì í sì í béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kó tó wọlé. Ní ọ̀sán Sátidé tí wọ́n sá máratọ́ọ̀nù wọn, kìlómítà méjìlélógójì gbáko, wọ́n na ara sílẹ̀ lábẹ́ igi òdán iwájú ilé Bàbá Ọdẹ́rìnlọ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn, oníkálukú ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí.

"Èmi o, ní kìlómítà ọgbọ̀n, àfi bí ẹni pé wọ́n mọ ògiri síwájú mi," ni Gbádébọ̀ télọ̀ wí. "Mo ní kí ẹsẹ̀ jẹ́ ká lọ, ẹsẹ̀ ní kí n máa lọ ná, òun ń bọ̀."

"Ìwọ rí ògiri. Èmi, èékánná ẹsẹ̀ méjì ni mo fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà," ni onípáànù dáhùn. "Ẹni tó bá rí wọn kó bá mi kí wọn."

Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ́rìnlọ, àgbà ọdẹ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ gbéra láàárọ̀?"

"Mẹ́tàdínlógún ni wá, Bàbá."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ti dé?"

Gbádébọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mẹ́rìndínlógún. Tísà Fèyíṣarà ló kù. Ẹ má dààmú, Bàbá, obìnrin yẹn a máa fara balẹ̀ sáré ni."

"Ẹ pa ẹnu mọ́!" Ohùn Bàbá là bí igi gbígbẹ. "Ẹ dìde dúró, gbogbo yín! Ẹnìkan ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ jókòó, ẹ ń ròyìn!"

Wọ́n dìde, wọ́n ń kùn, orúnkún ń dún kẹ́kẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lójú àgbàlagbà náà ti ran gbogbo wọn. Wọ́n dúró títí Tísà Fèyíṣarà fi yọ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kan ní ìbàdí, ó ń tiro. Ìgbà tó fẹsẹ̀ la ilà eérú tí wọ́n fà sílẹ̀ kọjá ni Bàbá tó mí kanlẹ̀.

"Ẹ wá jókòó wàyí," ó ní. "Bí ẹ bá wọ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ lásán ni à ń fi gbọ́ ọ."

Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé kì í sọ pé "èmi" nínú ìtàn ara rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló máa ń dá, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ inú igbó náà kò jáde mọ́, ẹlòmíràn ló jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí irun orí Ọdẹ́rìnlọ dúdú bí kóró iṣin, kò sí ẹsẹ̀ tó yá bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè. Ẹtu mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ehoro tó bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ a kọ ìwé ìpín ogún fáwọn ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ tó pa ẹfọ̀n mẹ́jọ lọ́jọ́ táwọn ọdẹ yòókù pa ọ̀kẹ́rẹ́! (Gbádébọ̀ rọra wúkọ́. "O lè má gbà á gbọ́," ni Bàbá wí, "ẹfọ̀n ni kó o lọ bi.") Ṣùgbọ́n ohun tí ẹkùn kò lè ṣe fún un, ẹ̀rín ọmọbìnrin kan ṣe é. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ọmọ Látúndé oníṣọ̀nà awọ. Bó bá rẹ́rìn-ín, àyà Ọdẹ́rìnlọ a máa lù bí ẹni ń gún iyán oníyàwó tuntun.

Àwẹ̀ró a jókòó sórí ẹní, a fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ awọ mọ́lẹ̀, a há etí awọ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, a fà á kó le, a wá fi ọ̀bẹ là á wàì. Láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìka méjì náà sì ti yàgò fúnra wọn títí láé. Ẹsẹ̀ yìí ni Ọdẹ́rìnlọ máa ń tẹjú mọ́ nígbà tí ojú bá ń tì í láti wo ojú. Lọ́dún kan ṣoṣo, okùn apó ọdẹ rẹ̀ já nígbà mẹ́rìnlélógún.

"Okùn yìí tún já?" Àwẹ̀ró a bi í.

"Igbó le."

"Igbó ló ń fi ọ̀bẹ gé e?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ṣe ń dùn bọ̀, títí di ọjọ́ tí Àwẹ̀ró lọ bó èèpo igi tí wọ́n ń sè fi kun awọ. Èyí tó pupa dáadáa kò sí níbòmíràn ju etí Igbó Gìgísẹ̀ lọ. Òjò ti rọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó fà á yọ, ó darí sílé. Kò mọ̀ pé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ti igbó.

Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, Àwẹ̀ró jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde. Ẹ gbọ́ mi o! Ẹnu rẹ̀ ń ké pé "Bàbá mi, ẹ dì mí mú," ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e sáré lọ sínú igbó. Ọkùnrin mẹ́rin ló tó mú un. Wọ́n fi ọ̀já awọ dè é mọ́ òpó ilé. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, ẹsẹ̀ a rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, a tún dìde, a sì le ju ti àná lọ. Ní ọjọ́ kẹfà, ọ̀já mẹ́ta ló já.

Ìyá Ọdẹ́rìnlọ, opó ọdẹ, ló mọ ìdí rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ sí ìyẹ̀wù.

"Lọ́la tí í ṣe ọjọ́ keje, kò sí awọ tí yóò dá a dúró. Bó bá fi lè wọ igbó yẹn, yóò máa sáré níbẹ̀ títí ayé, kò ní dé ibì kankan. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn nígbà tí oòrùn bá yọ, kó sá la igbó náà já, kó jáde níbi tí Àwẹ̀ró ti bó èèpo igi, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ipa ẹsẹ̀ náà rẹ́ kí oòrùn tó wọ̀."

"Ìyá mi, ibi tó ti bó èèpo igi, ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ni. Ṣé n kò lè gba ẹ̀yìnkùlé lọ ni?"

"Koríko lo máa rí. Ẹni tó bá sá ìje náà nìkan ni ojú rẹ̀ ń là sí i. Wá gbọ́ èèwọ̀ rẹ̀: má jókòó, má sì ròyìn eré rẹ fún ẹnikẹ́ni kó o tó sá a tán. Ẹ̀kẹta kì í ṣe èèwọ̀, ìmọ̀ràn ìyá ni: má wọ bàtà tuntun."

Bí Ọdẹ́rìnlọ ṣe dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró láti dágbére, Àwẹ̀ró tí wọ́n dè mọ́ òpó na bàtà kan sí i. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi rán an, pẹ̀lú omi lójú. Awọ pupa, ojú rírán wẹ́wẹ́ bí ilà ojú arẹwà.

"Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe tèmi mọ́," ló wí. "Jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi bá ọ sáré."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó ní òun kò wọ bàtà? Ìyá rẹ̀ rí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó káwọ́ lérí.

"Bọ́ ọ! Bàtà tí kò tíì jẹ iyọ̀ ẹsẹ̀ ẹni, ọ̀tá ni."

"Ìyá mi, ìfẹ́ kì í bó ni lẹ́sẹ̀."

"Ìfẹ́ kì í bó ni. Awọ ń bó ni."

("Yéè!" ni Tísà Fèyíṣarà kígbe. "Bàtà tuntun lọ́jọ́ ìje!" Gbogbo asáré sì kérora bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lójú egbò.)

Oòrùn yọ, Ọdẹ́rìnlọ wọ Igbó Gìgísẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀. Gìgísẹ̀. Ó yíjú padà, kò sí ara, kò sí orí. Ilẹ̀ lásán ló ń tẹ̀ wọnú bí ẹni pé ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó yára, wọ́n yára. Ó rọra, wọ́n rọra. Èémí tútù kan ń fẹ́ sí i ní ìpàkọ́, ó ń rùn bí inú kànga àtijọ́.

Ẹ̀rù gbé Ọdẹ́rìnlọ, ó sá gbogbo agbára rẹ̀ tán láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀yin asáré, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí oòrùn tó dé orí ọ̀pẹ, gìgísẹ̀ tirẹ̀ náà ti lé ròrò, ròrò ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ kún inú bàtà pupa, ó ń ṣàn jáde. Nígbà yẹn ni ìró ẹ̀yìn rẹ̀ yí padà. Ó gbọ́ tí nǹkan kan ń lá ilẹ̀. Ó ń lá a, ó ń pọ́nnu.

Ọdẹ́rìnlọ tó pa ẹfọ̀n mẹ́jọ sunkún bí ọmọ ọwọ́. N kò ní pa á mọ́ fún yín.

Ní orí òkè kan, ó bá iwin kan tó ga bí àràbà, gbogbo ara rẹ̀ kìkì ẹnu. Kùdíẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ẹnu náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un pẹ̀lú ètè: "Káre, ọmọ ọkọ! Tẹra mọ́ ọn! Ó kù díẹ̀! Ó kù díẹ̀!"

("Bàbá!" onípáànù fò sókè. "Ó wà lójú ọ̀nà wa lónìí! Ní kìlómítà kẹwàá ló ti ń sọ pé ó kù díẹ̀!")

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ iwin náà, egungun àwọn tó gbà á gbọ́ ga bí òkìtì ọ̀gán. Wọ́n gbọ́ pé ó kù díẹ̀, wọ́n ná gbogbo okun wọn, wọ́n ṣubú sí ẹnu rẹ̀.

"O kò ní kọjá," ni Kùdíẹ̀ wí, "àfi bó o bá dá mi lóhùn. Kí ni ohun tó kéré jù lójú ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, tó sì tóbi jù lójú ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí?"

Ọdẹ́rìnlọ ń mí helehele. Gìgísẹ̀ ti dúró tì í lẹ́yìn, ó ń dúró de èsì. Ó ronú nípa ọlá, ó ronú nípa ikú. Ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dá a lóhùn.

"Ìyókù ọ̀nà," ló wí.

Gbogbo ẹnu Kùdíẹ̀ pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, pàà, Ọdẹ́rìnlọ sì gba abẹ́ itan rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ó dé ìlú kan. Ìbòòji tutù níbẹ̀, àmù omi wà nílẹ̀, ènìyàn pọ̀ lórí àpótí, wọ́n jókòó ní agbo. Ìró gìgísẹ̀ dákẹ́ ní ẹnu ibodè, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àwọn ará ìlú náà ń ròyìn eré tí wọ́n sá. Ẹ kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ rí.

"Nígbà tí mo gun òkè kẹta," ni ọ̀kan wí, "orúnkún mi bá mi jà, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Mo wá ń sá lọ, mo rí ẹnu ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán..."

Ó dákẹ́. Ẹlòmíràn gbà á: "Èmi, ongbẹ ló fẹ́ pa mí. Mo mu ìrì orí ewé. Mo wá ń sá lọ, mo rí ẹnu ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán..."

"Arákùnrin," obìnrin kan rẹ́rìn-ín sí Ọdẹ́rìnlọ, "bàtà rẹ mà lẹ́wà o. Ta ló rán an? Sọ tìrẹ fún wa."

Ẹ wo ìdẹkùn! Bí wọ́n bá bi í léèrè ẹfọ̀n, ì bá pa ẹnu mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n bi í. Ó dúró o, kò jókòó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ là. "Àwẹ̀ró ló rán an," ló wí. "Mo gbéra láàárọ̀ nítorí rẹ̀, mo..."

Ohun kan dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ó wolẹ̀. Gbòǹgbò funfun ti hù láti inú ilẹ̀, ó ti wọnú ojú rírán bàtà náà, ó ń lọ́ bí ejò. Ó wá wo ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó. Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò ni gbogbo wọn. Ẹ̀rù ńlá bà á nígbà tó yé e pé kò sí ìkankan nínú ìtàn wọn tó ní ìparí. Wọ́n ròyìn eré tí wọn kò sá tán, eré náà sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Àpótí kan ṣófo láàárín wọn, wọ́n ti ń nu eruku orí rẹ̀ fún un.

Ó fà, bàtà kò yọ. Ó tún fà. Oòrùn ń lọ. Àfi kó bọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ bá mi ro ó: ọjọ́ mẹ́fà omijé, ojú rírán wẹ́wẹ́! Ọdẹ́rìnlọ tẹrí ba, ó fọwọ́ pa awọ náà lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí a fẹ́ràn, ó ní, "Àwẹ̀ró, forí jì mí." Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, awọ ara bá bàtà lọ, ó sì bẹ́ sí eré. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìlú sunkún pọ̀: "Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ tiwa!" Lẹ́yìn ibodè, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti pọ̀ bí òjò.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, ó rí ẹ̀yìn ilé Látúndé níwájú, ó rí oòrùn tó pupa bí ojú egbò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀! Ẹrẹ̀ ni, ipa ẹsẹ̀ sì kún un bí ìràwọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé. Ohùn kan tó tutù sọ sí i létí pé, "Mú ọ̀kan. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, eré ẹni tó ni ín di tìrẹ títí ayé."

Lákòókò náà gan-an ni ariwo sọ lágbàlá Látúndé. Ọ̀já ìkẹyìn ti já. Àwẹ̀ró ń bọ̀, irun rẹ̀ tú, bàbá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, aṣọ ya. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e bọ̀ bí ẹṣin.

"Ọdẹ́rìnlọ! Dì mí mú!"

Bó bá dì í mú, agbára rẹ̀ kò ní ká a, oòrùn yóò sì wọ̀. Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀, ohun tó le jù tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì tẹjú mọ́ ẹrẹ̀. Ìyí gùn jù. Ìyẹn fẹ̀ jù. Gìgísẹ̀ lẹ́yìn, gìgísẹ̀ níwájú, àárín wọn ni ọkàn rẹ̀ wà tó ń lù. Ó rántí okùn apó mẹ́rìnlélógún. Ó rántí gbogbo ìgbà tí ojú tì í láti wo ojú, tó wo ẹsẹ̀. Níbẹ̀, lẹ́bàá gbòǹgbò igi tí wọ́n bó, ó rí ipa ẹsẹ̀ ọ̀tún kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ yàgò fún ìka kejì, bí ẹni pé awọ ṣì wà láàárín wọn.

Kò ronú mọ́. Ó ti ẹsẹ̀ lásán tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó lọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́ rẹ́.

Gbogbo igbó dákẹ́. Oòrùn wọ̀. Ó gbé ojú sókè, Àwẹ̀ró dúró níwájú rẹ̀, ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan sí ẹrẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni rí àlejò. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbọ́ràn. Omi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ọdẹ́rìnlọ na ọwọ́, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìnlọ.

"Bàtà mi dà?" ló wí.

Bàbá Ọdẹ́rìnlọ fi ìtàn náà tì síbẹ̀. Ẹni mẹ́tàdínlógún ti ká ẹsẹ̀ wọn sókè kúrò nílẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé.

Pẹ̀tẹ̀. Pẹ̀tẹ̀. Pẹ̀tẹ̀.

Gbádébọ̀ télọ̀ ti fò mọ́ onípáànù lọ́rùn kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìró náà ń súnmọ́. Ó yọ ní igun ògiri: ìyá arúgbó kan ni, orí rẹ̀ funfun, ó gbé abọ́ omi dání fáwọn asáré, bàtà ọkùnrin ńlá méjì ń jó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, awọ pupa, tuntun.

"Ẹ kú eré o, ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí.

"Màmá," ni Tísà Fèyíṣarà wí, "bàtà ta lẹ wọ̀ yẹn?"

"Ti bàbá yín ni. Mo rán ti àkọ́kọ́, ó bó o lẹ́sẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún iwin. Láti ọjọ́ náà, kò sí bàtà tuntun tó máa wọ̀ tí n kò ní kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tèmi rọ̀ fún un, ọjọ́ méje."

"Kò tíì rọ̀ ni, Àwẹ̀ró?" ni Bàbá béèrè.

"Ọjọ́ kẹfà lòní. Ṣe sùúrù."

Ó gbé abọ́ omi kalẹ̀, ó yí padà sí ẹ̀yìn ilé. Pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, ó ń lọ. Bàbá Ọdẹ́rìnlọ di ojú rẹ̀, ó dẹtí sí gìgísẹ̀ náà títí kò fi gbọ́ ọ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n láti ọ̀sán sì dúró jẹ́ẹ́.